Sányán Kì Í Ṣe Òwú: Ọ̀rọ̀ lórí Ẹ̀kùkù àti Igi Àrère

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣáná bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò mi obìnrin fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ, mo sì lọ ra sányán. Sányán ni mo wí o, n kò sọ pé aṣọ òkè lásán. Ẹni tó tà á fún mi búra, ó mú aṣọ náà nù mí lẹ́rẹ̀kẹ́ kí n lè mọ bó ṣe tutù tó. Iye tí mo san, n kò ní í sọ ọ́ níbí, nítorí ìyàwó mi jókòó láàárín yín. Nígbà tí mo délé, mo fa fọ́nrán kan yọ ní etí aṣọ náà, mo ṣáná sí i. Ó yọ́. Ó yọ́ bí ọ̀rá, ó ká jọ, ó di kóró dúdú kan tó le, ó sì ń rùn bí ike tó ń jóná.

Sányán kì í yọ́. Bí ẹ bá finá sí fọ́nrán sányán, òórùn irun ni ẹ ó gbọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń wi orí ewúrẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Eérú rẹ̀ a sì rún láàárín ìka. Bó bá jẹ́ òwú tí wọ́n gbìn lóko ni, òórùn bébà tó ń jó ni yóò mú wá. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí kò le: sányán kì í ṣe òwú. Ara ẹlẹ́mìí ló ti jáde, bí irun orí mi yìí àti èékánná mi ṣe jáde lára mi.

Àwa tí a ń sọ pé sányán ni baba aṣọ, mélòó nínú wa ló mọ baba tó bí sányán?

Iṣẹ́ igbó ni mo ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ fojú fò mí bí mo bá pẹ́ jù lórí igi. Àmọ́ kòkòrò la ó kọ́kọ́ rí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ní Anaphe venata. Arthur Butler, tó ń ṣiṣẹ́ ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fún un ní orúkọ náà ní 1878. Àwọn ìyá wa kò dúró dè é kí wọ́n tó máa pè é ní ẹ̀kùkù. Ẹ̀kùkù pọ̀ ní oríṣi, wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan rẹ̀ tilẹ̀ ń jẹ́ moloneyi, wọ́n fi sọrí Alfred Moloney tó jẹ gómìnà Èkó láyé ọba Fictoria. Gómìnà ti lọ tipẹ́, kòkòrò rẹ̀ ṣì wà.

Àfòpiná ni àgbà rẹ̀, kò sì tóbi. Bó bá na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kò gùn tó ìka àárín ọwọ́ àgbàlagbà. Ìyẹ́ náà funfun bí ọ̀rá wàrà, ilà àwọ̀ obì gbígbẹ sì là á kọjá. Òru ló ń fò. Bó bá bà mọ́ ògiri lábẹ́ iná, ẹ lè rò pé èèpo àlùbọ́sà kan ló lẹ̀ mọ́bẹ̀. Kò sí ẹni tó máa wo ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbà tó wà lọ́mọdé, tó ṣì ń wọ́, ni gbogbo ohun tó jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n ti ń ṣẹlẹ̀.

Ewé àrère ni abo máa ń yé ẹyin sí, ẹyin púpọ̀ lójú kan, a sì fi irun ìdí ara rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni fi kùbùsù bo ọmọ. Bí ẹyin bá ti pa, àwọn ọmọ náà kì í tú ká. Wọ́n ń jẹ pọ̀, wọ́n ń sùn pọ̀, bí ewé ẹ̀ka kan bá tán, wọn a tò lọ sí òmíràn, orí ẹni ẹ̀yìn á kan ìdí ẹni iwájú. Bí ẹ bá ti rí ìjàlọ lójú ọ̀nà rí, ẹ ti mọ bó ṣe rí, àfi pé ìjàlọ ń sáré, àwọn yìí ń rìn bí ẹni ń ru òkú ọlọ́lá. Wọ́n ní ìbátan ní Yúróòpù tó ń jẹ igi páìnì àti igi óákù, ìrìn kan náà ni wọ́n ń rìn lọ́hùn-ún.

Bí wọ́n bá wá jẹun yó tán, tó kù kí wọ́n paradà, wọn a wá ojú kan lára igi náà tàbí lórí igbó kékeré tó wà nítòsí, gbogbo wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé.

Ọ̀kan rèé lórí tábìlì yìí. Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ó tó àgbọn tí wọ́n ti bó, àwọ̀ rẹ̀ bí gààrí tí wọ́n yan jù. Tí mo bá fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún: kọ̀ kọ̀, bí ìwé líle. Èèpo òde yìí, gbogbo wọn ló pa itọ́ ẹnu pọ̀ hun ún. Kò sí ti ẹnì kan nínú rẹ̀. Mo là á wàyí. Lábẹ́ èèpo òde, ẹ ó rí ìpele mìíràn tó fẹ́lẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá rí àwọn yàrá: àpò kéékèèké funfun, gígùn wọn bí èso ayò mélòó kan tí a tò, wọ́n fún mọ́ra wọn gádígádí. Inú yàrá kọ̀ọ̀kan, kòkòrò kan. Èyí ti di òfìfo, àwọn onílé ti jáde lọ, ẹ wo ihò tí wọ́n gbà. Mo gbìyànjú láti ka àwọn yàrá náà lálẹ́ àná. Nígbà tí mo kọjá ọgọ́rùn-ún, mo dáwọ́ dúró.

Ilé yìí ni sányán. Kì í ṣe ewé, kì í ṣe òwú oko. Agbádá tí bàbá ìyàwó máa ń ká sí èjìká, ògiri ilé ni wọ́n hun.

Ẹni tó bá mọ ṣẹ́dà àwọn ará Ṣáínà yóò béèrè pé kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Kòkòrò ti Ṣáínà, ewé igi mọ́bẹ́rì ló ń jẹ, èèyàn ló ń sìn ín, ó sì pẹ́ tí wọ́n ti ń sìn ín débi pé kò lè dá gbé nínú igbó mọ́. Olúkúlùkù ló ń dá ilé tirẹ̀ hun, fọ́nrán kan ṣoṣo ló sì fi ń hun ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó lè gùn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Bí wọ́n bá ti rí orí fọ́nrán náà, wọn a máa fà á jáde bí ìgbà tí a ń tú okùn. Ti ẹ̀kùkù kò ṣeé fà bẹ́ẹ̀. Fọ́nrán ẹgbẹ̀rún ọ̀nà ló dì mọ́ra níbẹ̀, ọ̀kan gba orí èkejì, oje tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ sì le bí àtè.

Bí àwọn ìyá wa ṣe wá rí i ṣe nìyẹn tó máa ń yà mí lẹ́nu. Ìyá tó bí bàbá mi ń ran sányán kí ojú wọn tó dẹ́kun ríran, mo sì bá wọn nídìí rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọn a ya àpò náà, wọn a kó ohun inú rẹ̀ dànù, èèpo nìkan ni wọ́n fẹ́. Wọn a da omi sórí eérú igi, wọn a sẹ́ ẹ, omi eérú yẹn ni wọn a fi se èèpo náà nínú ìkòkò títí oje inú rẹ̀ fi yọ́. Bó bá jẹ́ omi lásán ni, ẹ lè sè é di ọ̀la, kò ní í gbọ́. Wọn a fọ̀ ọ́, wọn a tún sè é, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sá a. Ohun tó bá kù, ó fúyẹ́ bí irun arúgbó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n òwú, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ ìrànwú ran án. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kẹ̀kẹ́ yẹn ti wà kí kẹ̀kẹ́ ológeere tó dé. Ohun tó ń yí ni kẹ̀kẹ́.) Wọn kì í yára. Ìdúró kan péré ni mo máa ń lè ṣe, n óò ti sá lọ ṣeré. Ohun tí wọ́n bá ran láti òwúrọ̀, mo lè dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kan.

Nígbà tó bá wá dọ́dọ̀ ahunṣọ, tó bá di ọ̀já fẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ tó ínǹṣì 4, tí wọ́n ń rán pọ̀ di agbádá, a kì í sábà pa á láró. Àwọ̀ tí ẹ̀kùkù fún un ló ń wọ̀. Àwọn kan ń fi òwú oko dá a, sányán níwọ̀n, òwú níwọ̀n, kí ó lè ká ara rẹ̀. Àlàárì pupa kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ṣẹ́dà inú rẹ̀, ọjà òkèèrè ni, aṣálẹ̀ Sàhárà ni ràkúnmí gbà gbé e wá sí Kánò kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹtù sì rèé, aró ló sọ ọ́ di ẹtù. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sányán nìkan ni ọmọ bíbí igbó wa. Àwọn Haúsá náà ní tiwọn, tsamiya ni wọ́n ń pe ṣẹ́dà igbó, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe igi àjàgbọn, torí pé orí igi yẹn ni wọ́n ti ń ká a.

Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kan àpò yẹn. Irun ara ẹ̀kùkù wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, ó wà láàárín èèpo, ó wà nínú yàrá. Ṣé ẹ mọ yèrèpè? Àbúrò yèrèpè ni. Ó máa ń wọ abẹ́ awọ, ó máa ń wọ ojú, ẹni tó bá ya àpò gbígbẹ láìbomirin yóò yún ara rẹ̀ dalẹ́. Nígbà ìjọba àwọn òyìnbó, wọ́n kó àpẹẹrẹ ṣẹ́dà igbó Áfíríkà lọ sí Imperial Institute ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè di ọjà ńlá fún ilé iṣẹ́ ìhunṣọ wọn. Wọ́n yìn ín, pé ó lágbára, pé ó ń dán. Àmọ́ ẹ̀rọ wọn kò rí orí fọ́nrán fà, irun náà sì ń yún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀kùkù kò gbà kí wọ́n sin òun, kò gbà kí wọ́n tú ilé òun pẹ̀lú ẹ̀rọ. Inú mi máa ń dùn díẹ̀ bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bi mí ní ìdí.

Mo sọ pé ìyá bàbá mi ń kó ohun inú àpò dànù. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn kì í dà á nù, wọ́n ń jẹ ẹ́ ni. Bí àpò náà bá ṣì tutù, tí kòkòrò inú rẹ̀ kò tíì paradà, wọ́n á yan án nínú iyanrìn gbígbóná tí irun rẹ̀ yóò fi jó tán. Ó ń ta sánsán, ó lọ́ràá. Ìwádìí fi hàn pé bí wọ́n bá gbẹ ẹ́ tán, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ èròjà amáradàgbà, ẹran màlúù ò sì fi bẹ́ẹ̀ ta á yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wé kànní tí wọ́n ń tà ní Ìlọrin. Ewé èmí ni kànní ń jẹ, ọ̀tọ̀ ni ìdílé rẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò kàn án.

Ní 1958, dókítà méjì, Wright àti Morley, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet nípa àìsàn kan tí wọ́n rí lápá ibí. Morley ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà nígbà náà. Àìsàn náà ń dé lásìkò òjò, láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá, ó sì ń lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ yá lánàá á jí, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, bó bá dìde á máa ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ lè jókòó láìfara ti nǹkan. Kò sí ibà, tàbí kí ó máà tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi rò pé kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fà á. Ẹ sì lè fojú inú wo ohun tí àwọn ará ilé ń rò, tí ọmọ ọdún méjìlá ń rìn bí ẹni mu ọtí tí kò mu.

Ọ̀mọ̀wé Adamolekun, oníṣègùn ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá tú u wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ní Ìkàrẹ́ àti àyíká rẹ̀. Wọ́n béèrè ohun tí àwọn aláìsàn jẹ. Ẹ̀kùkù ni. Ní 1993, òun náà kọ ọ́ sínú Lancet. Ohun tó wà nínú kòkòrò náà, èròjà kan ni tó máa ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ikùn, iná gbígbóná kò sì rí i pa tán. Fítámì yẹn ni ara fi ń sọ oúnjẹ afúnilókun di agbára, ọpọlọ kò sì lè ṣe láìsí i. Ẹni tó bá ń jẹ ẹja, ẹ̀wà àti ẹran déédéé ní fítámì nípamọ́. Bó bá jẹ ẹ̀kùkù díẹ̀, kò ní í mọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé gààrí àti láfún ló ń gbé e láàárọ̀ àti lálẹ́, fítámì díẹ̀ tó kù lára rẹ̀ ni ẹ̀kùkù wá kó lọ, tó sì tún fi àwo ẹ̀bà ńlá lé e. Wọ́n fún àwọn aláìsàn kan ní fítámì B1, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ohun tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun. Àwọn tó gba ojúlówó ni ẹsẹ̀ wọn tètè dúró.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹ sá fún ẹ̀kùkù. Mo jẹ ẹ́ ní kékeré, mo dẹ̀ ń rìn tààrà. Ohun tó dùn mí nínú ìtàn náà ni pé àwọn tálákà ló ṣubú. Àsìkò tí iṣu tuntun kò tíì pọ̀, tí owó kò sí, ni ẹ̀kùkù máa ń dé, òun ni ẹran tí kò gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́, kó wá ẹ̀wà fi tì í. Bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá sì yí padà lásìkò òjò lẹ́yìn oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì sọ ohun tó jẹ.

Mo ti pẹ́ jù, mi ò sì tíì débi igi.

Àrère ni igi tí mo fẹ́ràn jù. Ó lè ga ju 45 mítà lọ, gbòǹgbò rẹ̀ yọ ìyẹ́ sókè láti ilẹ̀ bí ògiri, ewé rẹ̀ ya bí àtẹ́lẹwọ́ tí a tẹ́ kalẹ̀. Ó wà lára igi tó ń wọ́wé: bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ewé á di pupa rúsúrúsú, á sì jábọ́, ẹ ó rí i tó dúró ní ìhòòhò láàárín àwọn igi tó ṣì tutù. Mo rò pé èyí ló jẹ́ kí òun àti ẹ̀kùkù lè bára gbé. Igi tó jẹ́ pé ọdọọdún ló ń bọ́ aṣọ, tó tún ń rán òmíràn, bí kòkòrò bá jẹ ewé rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, kò ní í torí ẹ̀ kú.

Ohun tó ń pa á ni ayùn. Pákó rẹ̀ fúyẹ́, ó funfun, ó rọrùn láti là. Lọ́jà àgbáyé wọ́n ń pè é ní obeche, Gánà ń pè é ní wawa, Kamẹrúùnù ń pè é ní ayous. Àwọn igi ńláńlá tí mo bá nínú igbó nígbà tí mo wọṣẹ́, mo kà wọ́n sórí ọkọ̀ àgbẹ́rù kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwé àṣẹ wọn sì wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mo fọwọ́ sí òmíràn nínú wọn. Gbígbìn rẹ̀ kò rọrùn. Kì í so lọ́dọọdún, èso rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kú, kòkòrò kan tún wà tó ń lu inú rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí igbó ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1970, fi jókòó ti gígé ọ̀pá rẹ̀ gbìn bí a ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́, ó sì ṣeé ṣe. Ọ̀nà náà wà nílẹ̀. Àwọn tó ń gbìn ín ni kò tó nǹkan. Tí ẹ bá bi ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn pé kí ló dé tí sányán ojúlówó fi wọ́n, yóò sọ pé a kò rí òwú rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ìdí òfì ni òwú ti tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyẹn lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe fẹ́ tú ká, ìyá àgbàlagbà kan tọ̀ mí wá, wọ́n mú fìlà kan jáde nínú báàgì, ti bàbá ọkọ wọn ni wọ́n pè é. Ó ti ṣá, etí rẹ̀ ti ya. Wọ́n ní kí n sọ fún wọn bóyá sányán ni tàbí wọ́n ti tan àwọn náà. Mo ní ó dùn mí láti jó nǹkan bàbá wọn. Wọ́n fi eyín fa fọ́nrán kan yọ fúnra wọn, wọ́n nà án sí mi. Mo ṣáná. Kò yọ́. Ó jó wẹ́rẹ́, ó di eérú, ìyá náà sì tẹ imú sí i.

"Irun," wọ́n ní. "Irun ló ń rùn." Wọ́n sì ká fìlà náà padà sínú báàgì.